Nígbà Tí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọmọ Bá Wú

Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Òkèhò dé Kìṣí, kò sí ìyá ọmọ ní Òkè-Ògùn tí kò mọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé ṣe ń wú. Bí ṣegede bá mú ọmọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wú, ara rẹ̀ á gbóná, oúnjẹ á sì ṣòro fún un láti gbé mì, ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì bá kọjá, yóò tún máa sáré kiri àgbàlá. Bí kòkòrò bá jẹ ẹ́ léyín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú pẹ̀lú ìrora tí kò ní jẹ́ kí ará ilé fojú kan oorun. Bí eéwo bá sọ ọ́ lábẹ́ àgbọ̀n, yóò pọ́n, yóò ta á, yóò tú, yóò sì jinná. Ìwọ̀nyí la mọ̀ bí ẹní mowó. Wíwú mìíràn wà tí kì í ṣe ti ṣegede, tí kì í ṣe ti eyín, tí kì í sì í tú bí eéwo. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbé kalẹ̀ lónìí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn tó fi ọgbọ́n àti sùúrù wá oògùn rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ wọn tó ohun tí à ń mọ̀, tí à ń yìn. Apá pàtàkì nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn tí àwa ará Òkè-Ògùn ń gbé aláìsàn wa lọ títí di òní.

Burkitt lymphoma ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn ọmọ ọdún 4 sí 10 ló máa ń mú jù, ó sì máa ń mú ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dun ọmọ, ìdí nìyẹn tó fi ń tan òbí jẹ. Eyín ló sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Ìyá tó ń fọ ẹnu ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ á rí i pé eyín ẹ̀yìn kan ń mì, eyín tí kò tíì tó àsìkò tí yóò yẹ̀. Bó bá tún di ọjọ́ mélòó kan, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà á yà kúrò lórí ìlà, èrìgì á wú bò wọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì yọ gọnbu síta. Bó bá jẹ́ egungun òkè ló dì mọ́, ó lè ti ẹyinjú jáde. Nígbà mìíràn, ibi méjì, ibi mẹ́ta, àní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹnu ni yóò wú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún lè wọ inú ikùn lọ, kó bá kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń mú ọmọ ènìyàn, agbára káká ni a fi lè rí èyí tó ń yára dàgbà tó o: láàárín ọjọ́ kan sí méjì, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Ojú ọmọ tí a mọ̀ dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù lè ṣòro láti dá mọ̀ kí oṣù tó parí.

Irú ilẹ̀ tí a ń gbé ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn, ilẹ̀ koríko gíga, àpáta ńláńlá àti oko iṣu. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin ni òjò ti ń rọ̀ títí di oṣù Kẹwàá. Ní àkókò yìí, ewéko á tutù yọ̀yọ̀ yí Òkè Àsàbàrí ká ní Ṣakí, ebè á kún fún ìtàkùn iṣu, inú àgbẹ̀ á sì dùn. Àsìkò yìí kan náà ni omi ń dúró sínú kòtò àti àfọ́kù ìkòkò ẹ̀yìnkùlé, tí ẹ̀fọn ń pọ̀, tí ibà sì ń ṣe àwọn ọmọ wa léraléra. Ibà yìí ni ọ̀kan nínú ohun méjì tó ń pèsè ọ̀nà sílẹ̀ fún kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Èkejì ni kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Epstein-Barr, tó ń gba inú itọ́ ran ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti kó o láti kékeré, tí kò sì ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ tí ibà kò fi lọ́rùn sílẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbèjà ara á máa pọ̀ sí i kọjá bó ti yẹ. Nínú pípọ̀ yẹn ni àṣìṣe ti lè wọ inú ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan, tí kò fi ní mọ ìgbà tó yẹ kó dúró mọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ lára àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ.

Oníṣẹ́ abẹ kan láti ilẹ̀ Ireland, Denis Burkitt, ló kọ́kọ́ so gbogbo àmì wọ̀nyí pọ̀. Ojú kan ni ó ní. Èkejì ti fọ́ láti ìgbà tó wà lọ́mọdé. Ní ọdún 1957, ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, ní Uganda, dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Hugh Trowell pè é láti wá wo ọmọ ọdún 5 kan tí àgbọ̀n rẹ̀ wú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, lókè àti nísàlẹ̀. Kò rí irú rẹ̀ rí. Kò pẹ́ sí i, ó lọ sí ilé ìwòsàn ìlú Jinja, ó gba ojú fèrèsé wòta, ó sì rí ọmọ mìíràn tí ojú rẹ̀ wú bákan náà. Nígbà tó yẹ ọmọ náà wò, ó bá kókó nínú ikùn rẹ̀ pẹ̀lú. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nìyẹn. Ní ọdún 1958 ó kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn káàkiri Áfíríkà, ó ń béèrè bóyá wọ́n rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1961, òun àti àwọn dókítà méjì, Ted Williams àti Cliff Nelson, wọ ògbólógbòó ọkọ̀ Ford kan tí wọ́n rà ní £250, wọ́n sì rin nǹkan bí 10,000 máìlì ní ọ̀sẹ̀ 10, láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà.

Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé àrùn náà ní ilẹ̀ tirẹ̀. Ibi tí òtútù bá ti ń lọ sísàlẹ̀ ju nǹkan bí 16 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sí níbẹ̀. Ibi tí òjò ọdún kan kò bá ti tó 500 mílímítà, ó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ilẹ̀ tó móoru, tó lójò, tó lẹ́fọn ni ibùgbé rẹ̀, láti Uganda gba àárín Áfíríkà dé ọ̀dọ̀ tiwa ní ìwọ̀-oòrùn. Gbogbo Òkè-Ògùn ló bọ́ sínú rẹ̀. Kí wọ́n tó rin ìrìn àjò yẹn, nínú oṣù Kẹta ọdún 1961, Burkitt ti sọ̀rọ̀ nípa àrùn náà ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Anthony Epstein, onímọ̀ àyẹ̀wò àrùn, sì wà lára àwọn tó jókòó gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kó sinmi mọ́. Ní ọdún 1964, òun, Bert Achong tí í ṣe ọmọ Trinidad, àti Yvonne Barr kéde pé àwọn ti rí kòkòrò àrùn inú kókó náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n rí kòkòrò àrùn fáírọ́ọ̀sì tó lọ́wọ́ nínú jẹjẹrẹ ọmọ ènìyàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ Áfíríkà ni wọ́n sì ti rí i.

Ọdún 1957 tí Burkitt rí ọmọ àkọ́kọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH tuntun ní Ìbàdàn, ní ogúnjọ́ oṣù Kọkànlá. Kò pẹ́ tí àwọn òbí fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú ọmọ wọ̀nyí wá síbẹ̀. Ní ọdún 1960, wọ́n dá ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n George Edington, onímọ̀ àyẹ̀wò àrùn, sì wà nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ kì í dùn ún wò lójú bí iṣẹ́ abẹ: orúkọ, ọjọ́ orí, ìlú, ibi tí kókó wà, ohun tí láàbù sọ. Ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé nígbà náà, nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń mú àwọn ọmọdé tí wọ́n ń gbé wá sí Ìbàdàn, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí ló pọ̀ jù. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, a kò lè mọ bó ti pọ̀ tó, a kò sì lè bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀? Abẹ ni. Bí egungun bá wú, oníṣẹ́ abẹ á gé e. Wọn a máa gé ìdajì àgbọ̀n ọmọ ọdún 6, ojú ọmọ á bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà kókó á tún yọ ní apá kejì tàbí nínú ikùn. Abẹ kò lè bá ohun tó ń di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ méjì sáré, pàápàá nígbà tó bá ti wà níbi mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gba ìrẹ̀lẹ̀ kí ẹni tí abẹ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ tó lè gbé abẹ sílẹ̀, kó ní ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe kọ́ ni yóò gba ọmọ yìí là. Burkitt ní Kampala ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn, Victor Anomah Ngu ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Buea ní ilẹ̀ Cameroon ni Ngu, ọdún 1926 ni wọ́n bí i. Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yunifásítì kó tó lọ parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà wá sí UCH gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ abẹ títí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú ní oògùn tí kò tíì pẹ́ lóde nígbà náà. Ohun tó rí yà á lẹ́nu: kókó tó ti jẹ́ kí ẹnu ọmọ má lè pa dé á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n gba oògùn, tí àrùn náà kò sì padà mọ́ láyé. Ní ọdún 1965, ó kọ ìròyìn sínú British Journal of Cancer nípa àwọn ọmọ tó ti lò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn ìtọ́jú. Ẹni tó bá mọ bí àrùn yìí ṣe ń yára pa ọmọ á mọ̀ pé ọdún méjì kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó tún ṣàkíyèsí pé oògùn nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ń bá oògùn jagun. Ní ọdún 1972, nígbà tí wọ́n fún àwọn aṣáájú ìtọ́jú jẹjẹrẹ pẹ̀lú oògùn ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà, orúkọ Ngu wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Burkitt. Ngu padà sí ìlú rẹ̀, ó di olórí Yunifásítì Yaoundé, ó di mínísítà ètò ìlera, ó sì kú ní ọdún 2011. Iṣẹ́ tó gbé orúkọ rẹ̀ dé ibi ẹ̀bùn yẹn, ilẹ̀ Yorùbá ló ti ṣe é, lára àwọn ọmọ tí a bí nílẹ̀ yìí.

Ó yẹ ká sún mọ́ oògùn náà díẹ̀ sí i. Cyclophosphamide ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Àwọn ará Jámánì ló ṣe é láàárín ọdún 1950 sí 1959, ìdílé ohun tó ti wá sì jẹ́ èéfín olóró tí wọ́n fi jà nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ìyẹ̀fun funfun ni nínú ìgò kékeré. Ní ayé Burkitt àti Ngu, ìwọ̀n 40 mílígíráàmù ni wọ́n sábà ń fún ọmọ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, tó fi jẹ́ pé ọmọ tó wọn kílò 20 á gba 800 mílígíráàmù. Èkejì ni vincristine. Inú ewéko olódòdó kan tó ti Madagascar wá ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ewéko tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbìn síwájú ilé nílẹ̀ wa fún ẹwà òdòdó rẹ̀. Ewé gbígbẹ tó wọn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kílò ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó rí gíráàmù kan ṣoṣo, oró rẹ̀ sì le. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sè é lágbo fún ọmọ. Ẹ̀kẹta ni methotrexate. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín lọ́wọ́ ni wọ́n ń pa. Ìdí rèé tí àrùn tó ń yára jù lọ fi tún jẹ́ èyí tí oògùn ń tètè rí mú. Ìyára rẹ̀ ló sọ ọ́ di òkú.

Kí wọ́n tó fún ọmọ ní oògùn, láàbù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Dókítà á fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú kókó náà, tàbí kó gé bíńtín lára rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọ́n á pa á láró, wọ́n á gbé e sábẹ́ maikirosikópù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà á kún ojú gíláàsì bámúbámú, gbogbo wọn dọ́gba, àwọ̀ wọn dúdú bí aró. Láàárín wọn, níbí àti lọ́hùn-ún, sẹ́ẹ̀lì ńlá kan á wà tí ara rẹ̀ mọ́, tó ń gbé òkú àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn mì. Ojú ọ̀run oníràwọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pe àwòrán yìí káàkiri ayé, ẹni tó bá sì ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ̀ mọ́. Iṣẹ́ láàbù yìí ló ń yà á sọ́tọ̀ sí kókó mìíràn. Ọmọ tí a bá fún ní oògùn jẹjẹrẹ láìjẹ́ pé láàbù ti sọ̀rọ̀, a lè fi oògùn náà pa á lásán.

Nínú wọ́ọ̀dù, ìtọ́jú ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi. Nọ́ọ̀sì á gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, á kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, á sì fa omi sí i lára kí oògùn tó dé. Ìdí ni pé bí kókó ńlá bá kú lójijì, èérí rẹ̀ á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dí kíndìnrín láàárín ọjọ́ kan. Omi ló ń fọ̀ ọ́ jáde. Ìyá tó dúró ti ọmọ ni yóò máa gba ìtọ̀ rẹ̀ sínú ike, tí nọ́ọ̀sì á máa wọ̀n ọ́n ní wákàtí sí wákàtí. Iṣẹ́ ìyá yìí ṣe pàtàkì bíi ti dókítà. Vincristine kò gbọdọ̀ gba ibòmíràn wọlé ju inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ. Bó bá dà sábẹ́ awọ, á jó ẹran ara. Bó bá ṣèèṣì wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn, ikú ni. Methotrexate ní tirẹ̀ ni wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ fún ọmọ ní ọ̀pá ẹ̀yìn, nítorí pé àrùn náà fẹ́ràn láti sá wọ ọpọlọ. Ọmọ á ká jọ, á fi orúnkún kan àyà, ẹnì kan á dì í mú, wọ́n á sì máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Yóò bì, irun rẹ̀ á re, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀, àìsàn kékeré lè gbé e ṣánlẹ̀ ní àsìkò náà. Lẹ́yìn èyí irun á tún hù. Lójoojúmọ́ ni ìyá á máa rí ojú ọmọ rẹ̀ tó ń padà bọ̀ sípò: àlàfo á wà láàárín ẹyinjú àti egungun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á rọ̀, ẹnu á pa dé, ọmọ á ní kí wọ́n fún òun ní oúnjẹ. Nínú iṣẹ́ ìṣègùn, n kò mọ ohun mélòó tó dára tó èyí.

Kì í ṣe pé abẹ ti wá di ohun àpatì. Kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ mìíràn wà tí oògùn kò ràn rárá, tó jẹ́ abẹ nìkan ló lè tán an. Ameloblastoma ni wọ́n ń pe èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Ìdí eyín ló ti ń hù, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló fẹ́ràn, àwọn ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà ló sì ń mú jù. Kì í yára. Ó lè lo ọdún 5, ó lè lo ọdún 10, ẹni tó ní in á máa fi ìborùn tàbí gèlè bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà. Oníṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ gé e pẹ̀lú egungun tó lera tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí pé bí ó bá ṣe ojú àánú tó fi díẹ̀ sílẹ̀, yóò tún hù. Kí ó tó fọwọ́ kàn án, ẹni tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun á ti gba ihò imú ti ọ̀pá èémí sísàlẹ̀, nítorí pé ẹnu ni ibi iṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ egungun náà, wọ́n á fi irin títáníọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ so ìyókù pọ̀, tàbí kí wọ́n bu egungun láti ìbàdí dí àlàfo náà, kí ojú má bàa tẹ̀, kí aláìsàn lè jẹun.

Iṣẹ́ abẹ kókó inú ẹ̀yà ara tó ń sun itọ́ níwájú etí tún gba ọgbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣan tó ń jẹ́ kí ènìyàn rẹ́rìn-ín, kó pajú dé, kó fun ẹnu pọ̀, inú rẹ̀ ló gbà kọjá, ó sì ya sí ẹ̀ka márùn-ún. Funfun ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Oníṣẹ́ abẹ á wá a kàn lábẹ́ etí, á máa tẹ̀ lé e lọ díẹ̀díẹ̀, á máa ya kókó kúrò lára rẹ̀ bí ahunṣọ Ìsẹ́yìn ṣe ń fi ìka ya òwú tó lọ́ mọ́ra láìjẹ́ kí ọ̀kan já. Bí ẹ̀ka kan bá gé, apá kan ojú á rọ. Iṣẹ́ wákàtí púpọ̀ ni, nínú iná gbígbóná, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò jókòó. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní UCH, àti àwọn tí wọ́n ti kọ́ níbẹ̀ tí wọ́n wà káàkiri Nàìjíríà, yẹ lẹ́ni tí à ń ṣí fìlà fún.

Kì í tún ṣe gbogbo wíwú ojú ni jẹjẹrẹ. Ní Ìbàdàn yìí kan náà, Francis Martinson, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtọ́jú etí, imú àti ọ̀fun, ṣàpèjúwe àrùn kan tí olu tíntìntín ń fà, tó ń wú imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ojú á fi yí padà. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Clark kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1967. Oògùn mímu tó ní áyódíìnì nínú ń wo ọ̀pọ̀ wọn sàn. Ẹni tí wọ́n bá sáré gé ojú rẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò, ìyà tí kò yẹ ẹ́ ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Gbogbo ọgbọ́n ìtọ́jú orí àti ọrùn wà nínú èyí: mọ ohun tí ń wú kí o tó mọ ohun tí o máa ṣe sí i.

Ọ̀rọ̀ kàn wá wàyí, àwa tí a wà lókè lọ́hùn-ún. Ìjọba ìbílẹ̀ 10 ni a jẹ́ ní Òkè-Ògùn, ilẹ̀ wa sì gbòòrò débi pé ẹni tó ń bọ̀ láti Kìṣí tàbí Ìgbòho á rìnrìn àjò kó tó dé Ṣakí, ká má tíì sọ Ìbàdàn. A ní ilé ìwòsàn Baptist ní Ṣakí, a ní ti ìjọba ní Ṣakí àti ní Ìsẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ dé, nítorí dókítà ibẹ̀ lè yẹ ẹnu wò, kó sì kọ̀wé sí UCH lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Mọ́níyà, tó gùn tó kìlómítà 65, tó ti fìgbà kan jẹ́ ìyà, ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti tún un ṣe. Èyí ti gé ìrìn àjò aláìsàn kúrú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà dáradára kò tíì sọ pé owó wà. Àpò òbí ni owó oògùn, owó láàbù, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ìyá tó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti sábà ń jáde, oṣù tí ìtọ́jú bọ́ sí sì lè jẹ́ oṣù tí iṣu kò tíì ta.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ẹ̀yìn oògùn àkọ́kọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti fọn, ọmọ á ti máa ṣeré, bàbá á sì ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé, ó ti sàn. Kò tíì sàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tí ojú kò rí ṣì wà níbẹ̀, bí wọ́n bá sì tún dìde, oògùn àkọ́kọ́ lè má ràn wọ́n mọ́. Ìgbà mélòó kan ni ọmọ gbọ́dọ̀ padà lọ, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta síra wọn, títí dókítà yóò fi sọ pé ó tó. Ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń parí ìtọ́jú yìí bó ṣe yẹ, ó lé ní 9 nínú ọmọ 10 tó ń yè. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti fi àrùn yìí sára jẹjẹrẹ ọmọdé mẹ́fà tí wọ́n dojú kọ láti ọdún 2018, kí ó kéré tán 60 nínú ọmọ 100 tó ní jẹjẹrẹ lè máa yè káàkiri ayé tó bá fi máa di ọdún 2030. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe apá kan nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ lórí oògùn yìí kò yẹ kó wà lẹ́yìn.

Mo bẹ àwọn ìjọba wa, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀, kí wọ́n gbé owó oògùn ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́rùn òbí. Àwọn ọmọ náà kò pọ̀ débi tí apá ìjọba kò fi ní ká wọn. Mo bẹ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa, àwọn bàbá àti ìyá tí a bọ̀wọ̀ fún, kí wọ́n má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí eyín rẹ̀ ń mì, kí wọ́n júwe ọ̀nà ilé ìwòsàn fún un lọ́jọ́ náà. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń rí ojú àwọn ọmọ láràárọ̀ lórí ìlà, ẹ pe òbí ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú láìdun ún. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ tọ́jú ibà rẹ̀ kíákíá. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ sílẹ̀, tàbí tí eyín rẹ̀ ń mì láìtọ́jọ́, ẹ gbé e lọ sí Ṣakí, sí Ìsẹ́yìn, sí Ìbàdàn. Bí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn fún un, ẹ jẹ́ kó gbà á parí.